Àlàáfíà Ni Ràímì Aránṣọ Máa Ń Wí

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, rédíò kéde lálẹ́ ọjọ́ kan pé wọ́n ti bẹ́ iye owó sẹ́fà sí méjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ariwo ta ní gbogbo Kútọnu. Àwọn oníràìsì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ iye tí àwọn máa pè é. Ṣùgbọ́n Ràímì aránṣọ, ọmọ Pobè tó ń gbé ní Gbégamey, kò gbọ́ ti rédíò. Agbádá gínnì aláwọ̀ sánmà ló ń wọ̀. Ó dé fìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó wá na ọwọ́ sí ọ̀pá tó fi ń tiro.

"Bàbá Ṣàrífátù!" Àdìzátù ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ lọ gbé ni, àbí owó gbà-má-bínú lẹ fẹ́ lọ gbà? Ta ló máa rí yín báyìí tó máa gbà pé nǹkan ń ṣe yín?"

"Èèyàn kì í wọ àkísà lọ sí ọ́fíìsì," ni Ràímì fèsì.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ̀yìn rìn wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì gùn ún lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Dẹ́rẹ́bà àtàwọn ẹbí rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀, Ràímì sì dárí jì wọ́n kíá. Àwọn aládùúgbò ní kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Ṣé Ọlọ́run ló ń wa ọkọ̀ náà ni?" ni Àdìzátù bi wọ́n. "Bó bá jẹ́ pé ara bó lásán ni, à bá fi òróró pa á, ká gbàgbé ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ máṣíìnì nìyí o! Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kí la fẹ́ jẹ? Dẹ́rẹ́bà la dárí jì. A ò dárí ji ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́dọọdún nítorí irú ọjọ́ báyìí."

Bí wọ́n ṣe kọ̀wé nìyẹn. Ilé iṣẹ́ náà rán akọ̀wé wọn, Bámidélé ọmọ Kétu, wá wo ẹsẹ̀ náà. Ọmọ tó mọ ìkíni ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Ara ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti ń ṣe dáadáa."

Ràímì kò purọ́ o! Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ gan-an, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, àlàáfíà ló wí fún àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Bámidélé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé: ẹni tó farapa ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le, kò sí owó láti san. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láti wá ṣàròyé ní ọ́fíìsì wọn ní Cadjèhoun. Ọjọ́ náà ló pé yìí.

Láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni Àdìzátù ń kìlọ̀ fún un. Wọ́n wọlé, Ìbíjọkẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sì dìde fún àgbà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ara ńkọ́?"

Òógùn bo Ràímì. Ó yanu, ó pa á dé, ó tún yà á. "Àlà..."

Àdìzátù já a léèékánná nítan.

"...àfíà ni," ó parí ẹ̀.

Bámidélé mú bíírò. Àdìzátù fọwọ́ lérí. "Mo gbé o!" Lójijì ló yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìyáàfin? Owó ilé iṣẹ́ yín ńkọ́, láti àná?"

Ìbíjọkẹ́, tí kò fojú kan oorun láti ìgbà tí rédíò ti sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́, ìyá. Àlàáfíà ni."

"Ó tán! Bámidélé, kọ ọ́ sílẹ̀! Kọ ọ́ pé ọ̀gá yín fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó yín pé pérépéré!"

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ Bámidélé. Ìbíjọkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fa àga sún mọ́ Ràímì.

"Bàbá, mo ti kí yín, ẹ ti dá mi lóhùn, ìkíni ti parí. Ṣé ó ń dùn yín?"

Láti oṣù mẹ́ta, ẹnìkan ò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ń dùn mí," ni Ràímì wí. "Ọmọ mi, ó ń dùn mí gan-an. Agbádá tí mo wọ̀ yìí ni mo rán kẹ́yìn. Mi ò lè rán òmíràn."

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì sanwó ní oṣù kẹta. Owó tí ì bá ra máṣíìnì oníná tuntun kí wọ́n tó bẹ́ sẹ́fà sí méjì, ẹ̀rọ iná kékeré tó ń yí máṣíìnì dípò ẹsẹ̀ nìkan ló lè rà. Ràímì so ó mọ́ máṣíìnì àtijọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún yẹn, owó gbogbo Kútọnu di ààbọ̀, gbogbo èèyàn sì ń dáhùn pé àlàáfíà ni. Ràímì nìkan ló sọ pé ó ń dun òun, òun nìkan náà ni wọ́n sanwó fún.