Ilẹ̀kùn Orílẹ̀-èdè Mẹ́sàn-án

Alága ìgbìmọ̀ náà tún ìbéèrè rẹ̀ béèrè jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

"Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aránṣọ yẹn lákòókò ìsinmi, ǹjẹ́ wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́?"

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan ló jókòó níwájú rẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè jiyàn lé lórí. Ó ti bá olùkọ́ ìṣirò jiyàn rí lórí ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé, ìwé náà ló sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́, ahọ́n Lọ́yà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìlà kẹta. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ aránṣọ jókòó tì í, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rárá, mà," ni Lọ́yà wí. "Wọn kì í tì í."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ.

Ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba ìlú wọn nìkan. Àjọ Ìṣọ̀kan ló rán wọn, àjọ tí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án para pọ̀ dá sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti fẹnu kò pé kí ọjà máa gba ẹnubodè kọjá láìsan owó ibodè. Nísinsìnyí wọ́n fẹ́ ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ilé iṣẹ́. Olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní kíláàsì.

"Bí orílẹ̀-èdè kan bá ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tọ́jú òṣìṣẹ́ dáadáa, tí èkejì kò bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ rò pé àwọn onílé iṣẹ́ máa ṣe?"

"Wọ́n á kẹ́rù wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi wọ́n léèrè," ni Lọ́yà dáhùn, kó tó di pé ẹlòmíì nawọ́.

"Ó dáa. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló máa ṣe é pọ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ inú ilé iṣẹ́. Ọ̀dọ́ kan ni wọ́n máa bi ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nílùú yìí, ìwọ ni mo fi orúkọ rẹ sílẹ̀."

Inú Lọ́yà dùn dé gongo lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa di ẹrù.

Ó mọ inú ilé iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ó ti fi ìsinmi kan gé òwú tó yọ lára ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù báyìí, ọ̀gá á ti ilẹ̀kùn láti ìta, á fi àgádágodo sí i, ó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ní àwọn obìnrin náà ń jí ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé ìtura á kan ilẹ̀kùn, ọ̀gá á ṣí i, á sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn nìyẹn, Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ìsinmi yẹn, ọ̀kan nínú àwọn áyọ́ọ̀nù ńlá tí wọ́n fi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Igba obìnrin ló kọjú sí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta ti lọ jẹun ní òdìkejì títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Lọ́yà ti ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó gbé imú sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, òun náà sì fi ara bò ó lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀gá fi máa dé, èéfín ti lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ń pariwo.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìjẹ́rìí, bí Lọ́yà ṣe ń di okùn bàtà rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ọ̀gá ní bí o bá dárúkọ ilẹ̀kùn, kí n má wulẹ̀ padà wá. Bí o bá sì sọ ọ́ dáadáa, ó ní òun á gbé mi ga."

"Màámi, ẹ̀yin náà wà nínú èéfín yẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà." Ó wọlé, ó bá a di okùn bàtà kejì. "Kò síbi tí mo tún fẹ́ ríṣẹ́ nílùú yìí. Bá mi gbé e mì, ọmọ mi."

Lọ́yà gbé e mì. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ náà lẹni tó fi ẹ̀yìn gba èéfín nítorí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga kan síta, sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ìyá Lọ́yà lọ́rùn.

"Ìyá Lọ́yà, ẹ ti kúrò nídìí bọ́tìnnì," ló wí. "Ẹ̀yin ni ẹ óò máa tì í, ẹ̀yin ni ẹ óò máa ṣí i. Bí ẹnikẹ́ni bá pẹ́ níta, ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ìgbéga náà nìyẹn. Ọjọ́ kẹta ni Lọ́yà gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, ó sì bá a lórí àga náà, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn láti inú.

"Ìyá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ooru yìí ń pa mí." Ohùn Àǹtí Aláyọ́ọ̀nù ni, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ.

Ìyá rẹ̀ wo fèrèsé ọ́fíìsì lókè. Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta wà níbẹ̀.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ọ̀rẹ́ mi. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó tó tún kàn ọ́."

Ìyá rẹ̀ gba abọ́ oúnjẹ, kò sì wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò lè kúrò lórí àga náà láìgbàṣẹ, àní láti lọ fọ ọwọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ń dá rìn lọ síbi iṣẹ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni olùkọ́ pe Lọ́yà sí ọ́fíìsì, ó na ìwé kan sí i. Bí Àjọ Ìṣọ̀kan ṣe ń ṣe é nìyẹn: kí àwọn mínísítà tó jókòó, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan padà sí i, kó kà á, kó sì fọwọ́ sí i pé ohun tí òun sọ nìyẹn. Ó ní ọjọ́ méje láti tún un ṣe.

"Ka ìsàlẹ̀," ni olùkọ́ wí.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn sọ pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn onílé iṣẹ́ sì tọ́ka sí ẹ̀rí Lọ́yà pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rí kò ti bára mu, wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sínú òfin.

"Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni wọ́n gbé e lé?"

"Nílùú yìí, ìwọ nìkan ni wọ́n bi."

Lọ́yà tún ìsàlẹ̀ ìwé náà kà. Kò sunkún. Ó ká ìwé náà, ó gbé e délé, ó sì dúró de ìyá rẹ̀. Bí ó ti wọlé, kó tó jókòó, Lọ́yà ka gbogbo rẹ̀ sí i létí.

"Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rò pé ilẹ̀kùn tiwa nìkan ni."

Kò ní kó kọ ọ́, kò sì ní kó má kọ ọ́. Ó lọ ń fọ àwọn abọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Lọ́yà jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni òun pa, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, àti bí èéfín ọjọ́ náà ṣe rí.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Èsì alága dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ẹni tó bá sọ ohun méjì, ìgbìmọ̀ ò lè dúró lórí ọ̀kankan. Wọ́n ń fẹ́ ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn máa padà wá fún ọjọ́ kan péré.

Lọ́yà lọ kan ilẹ̀kùn ojúlé mọ́kànlá, ilé àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jẹ́rìí. Èyí ní ọmọ òun kéré, èyí ní ọkọ òun ò níṣẹ́. Kò lè bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn, nítorí ohun kan náà ló mú òun fúnra rẹ̀ purọ́. Ó há sáàárín irọ́ tó ti pa àti òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ padà wá, nígbà tí alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó fẹ́ jẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Ìyá Lọ́yà dìde láti ẹ̀yìn. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

"Èmi ni mo ń tì í," ló wí. "Èmi náà ni mo ní kí ọmọ yìí purọ́. Ẹ má bá a wí, èmi ni kí ẹ bá wí."

Lọ́yà sunkún lójú gbogbo èèyàn, ojú ò sì tì í. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí Aláyọ́ọ̀nù ni wọ́n gbé sórí àga.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ọ̀sán ọjọ́rú kan ni rédíò kéde pé àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti fọwọ́ sí òfin náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Lọ́yà ń tún ẹsẹ̀ ṣòkòtò aládùúgbò kan rán. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀?"

"Ọdún méjì sí i, Màámi."

"Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Lọ́yà ti bi olùkọ́, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n. Ó wù ú kó dákẹ́, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ti sú u. "Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi sí i. Nígbà tí ẹ̀rí ò bára mu, àwọn tí kò fẹ́ òfin náà rí ohun dìmú. Kí wọ́n tó gbà, wọ́n ní àfi kó di ọdún méjì."

Ìyá rẹ̀ dá ọwọ́ padà sórí ẹ̀rọ. Lọ́yà mọ ohun tí òun ti kọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe òfin fún ọ̀pọ̀ èèyàn, irọ́ tí ẹnì kan pa nítorí ilé tirẹ̀ á wọ ilé àwọn tí kò mọ̀ rí, bó bá sì tún òótọ́ sọ lẹ́yìn náà, ó lè ṣàǹfààní, ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́ tó ti lọ padà. Òótọ́ ní àkókò tirẹ̀, Lọ́yà sì ti jẹ́ kí àkókò náà kọjá lára rẹ̀.

Oṣù méjìdínlógún ni irọ́ rẹ̀ fi kún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, àwọn obìnrin sì ń ránṣọ lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.