Ẹni Tó Gba Ojú Fèrèsé Teunis

Nígbà tí mo fi máa gbé àpótí ìjókòó dé òkè, ọkùnrin kan ti dúró lójú fèrèsé tí mo fẹ́ lò. Ó kọ̀yìn sí mi. Fìlà fífẹ̀ ló dé. Oòrùn ti ń ràn ní New York láti àárọ̀, síbẹ̀ omi ń kán ní etí ẹ̀wù rẹ̀.

Inú bí mi. Ọ̀gangan ilé wa ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ búra fún Ààrẹ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa wà, ojú fèrèsé yìí nìkan ni a kò sì fún aládùúgbò kankan, nítorí ti Teunis ni. Teunis ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo kéré gan-an nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lójú ogun, tí wọ́n tì í mọ́ inú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lórí odò oníyọ̀ tó wà létí ìlú. Ẹnì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ló jíṣẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn: lọ́jọ́ tí a bá búra fún olórí tiwa, òun á dúró lójú fèrèsé òun, òun á wò ó. Ogun parí, kò dé. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn ilé rí, ì báà jẹ́ òru. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé bí Teunis kò bá wá lónìí, òun á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà ní Albany, òun ò ní retí mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni ìyá Teunis jókòó sí, ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó wá wòran, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ni yóò gbà.

Mo lọ sí yàrá kejì, níbi tí Evert, aládùúgbò wa tó ń kan àgbá onígi, àti ìyàwó rẹ̀ ti há ara wọn mọ́ fèrèsé, mo ní ẹnì kan ti gba ààyè mi.

"Fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, Joris," ni Evert wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Àbí o fẹ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i?"

Mo padà. Mo rọra bẹ ọkùnrin náà pé kó sún díẹ̀. Kò mira. Ara rẹ̀ ń rùn bí okùn tó ti pẹ́ lábẹ́ omi. Mo fi ìka ẹsẹ̀ dúró, fìlà nìkan ni mo rí. Ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́, mo mọ̀ pé ìbúra ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ń kán sílẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún.

Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ, ìbọn àgbá dún léraléra. Mo yọjú lábẹ́ apá rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń ju fìlà sókè, àyàfi àwọn kan tó dúró káàkiri láàárín wọn, tí wọ́n rù bí igi, tí aṣọ wọn tutù.

"Ṣé wọ́n ti búra tán?" ni ọkùnrin náà bi mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọ́n ti búra tán, sà."

"A lè máa lọ nìyẹn."

Nísàlẹ̀, àwọn tí aṣọ wọn tutù náà kọjú sí odò lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, n kò rí ọkùnrin náà mọ́.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo bi ìyá Teunis bóyá ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Ta ló jáde? Ẹnikẹ́ni ò gba ibí kọjá, Joris. Mi ò tilẹ̀ tòògbé."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gun òkè lọ, ó fi ìka kan omi tó wà lójú fèrèsé, ó tọ́ ọ wò. 

"Iyọ̀ ni," ló wí. "Ọmọ yìí ò gbọ́ràn rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí."

Mo ní bóyá a ṣì lè bá wọn létí odò. Ó ní kí n gbé ẹrù òun.

Nígbà tí Evert àti ìyàwó rẹ̀ ti jáde tán, ó fa ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó mi ilẹ̀kùn náà wò bóyá ó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èbúté ọkọ̀ Albany.