Àga Ẹ̀bá Fèrèsé

Àṣìṣe ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ náà. Bí wọ́n bá sì ní kí Ganiat padà sẹ́yìn lónìí, àṣìṣe yẹn gan-an ni yóò tún ṣe.

Ọdún 1972 ni, ogun abẹ́lé ti parí, ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tíì délé. Nọ́ọ̀sì ni Ganiat, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ irú wọn: opó, sójà tí kò rí oorun sùn, ìyá tó ṣì ń retí ọmọ. Sùlè, àbúrò Ganiat fúnra rẹ̀, lọ sógun yẹn kò sì bọ̀. Síbẹ̀ omijé ò jáde lójú Ganiat. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ rí Adolphus Candido, tí òun náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kàn wúwo nítòsí Tinúbú.

Nígbà tí Ganiat wọ ọ́fíìsì rẹ̀, Adolphus dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ìta. Ganiat kí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ sẹ́yìn tábìlì bó ti mọ́ ọn lára níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà," ó ní. "Kí ló ń dùn yín lọ́kàn?"

Adolphus wo àga ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí àwọn tó bá wá rí i máa ń jókòó. Ó rọra lọ jókòó síbẹ̀.

"Oorun ni," ó ní. "Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, n kì í rí i sùn."

Ganiat ti bá a sọ̀rọ̀ jìnnà kó tó rí i pé gíláàsì ojú ọkùnrin náà ló wà lórí tábìlì níwájú òun. Ojú tì í.

"Ẹ dákun, sà. Àga yín ni mo gbà."

"Ẹ jókòó yín jàre. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bi mí nírú ìbéèrè yìí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ganiat ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Adolphus bá bi í nípa Sùlè, á dá ìbéèrè padà fún un, tàbí kó máa ròyìn wàhálà ẹlòmíì. Nílé, Alhaji Jimoh, bàbá rẹ̀ tó ń ta léèsì lọ́jà Balógun, gbọ́ nípa rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn rárá.

"Ìwọ tó ń tọ́jú àwọn tórí wọn dàrú, ìwọ náà ń gba ìtọ́jú? Ta ló máa fẹ́ ẹ n'Ísàlẹ̀ Èkó yìí? Wọ́n á ní wèrè wọn ti ràn ẹ́."

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Sùlè nínú ilé náà.

Lọ́jọ́ kan Adolphus gbójú sílẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, n kò lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yín mọ́. Ẹ lọ bá Màmá Henrietta ní Lafiaji. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́."

"Ṣé ọ̀rọ̀ mi ti sú yín ni?"

"Kò sú mi."

Ó kọ àdírẹ́sì Màmá Henrietta sórí bébà, ó nà án sí i. Ó dun Ganiat wọ egungun. Ìbínú ló fi lọ sí Lafiaji.

Màmá Henrietta fún un lómi mu. "Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, ọmọ mi, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Pe orúkọ ẹ̀."

"Orúkọ ta, Mà?"

"O mọ̀ ọ́n."

Ganiat pe Sùlè. Ẹkún tó ti ń há sí i láyà láti ọjọ́ yìí wá tú jáde.

Nígbà tó jáde, gèlè rẹ̀ ti tutù fómijé. Ta ló rí lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń retí kó kàn án? Adolphus ni.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Èmi náà ní ẹni tó ń gbọ́ tèmi." Ó dìde. "Ganiat, òfin iṣẹ́ wa ni, o mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbọ́ àṣírí ọkàn ènìyàn kò gbọdọ̀ kọnu ìfẹ́ sí i. Bí mo bá ń gbọ́ tìrẹ nìṣó, tí mo sì ń fẹ́ ẹ lọ́kàn mi, olè ni mo ń jà. Mo fẹ́ràn rẹ. Jẹ́ kára rẹ yá ná kó o tó dá mi lóhùn."

Inú Ganiat tutù pẹ̀sẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, olówó orí mi ọ̀la? Ṣé o ti ń sùn?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Sùn dáadáa kó o tó wá rí bàbá mi."

Ọdún yípo kí Adolphus àtàwọn ẹbí rẹ̀ tó wá tọrọ ìyàwó.

"Pé ẹ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ò dí mi lọ́wọ́," Alhaji Jimoh wí, "irú yín pọ̀ nínú ẹbí wa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé orí ọmọ mi pé?"

Ganiat kúnlẹ̀. "Orí mi pé, Bàbá. Sùlè ni mo ń sunkún."

Alhaji na ọwọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ lọ dá ọjọ́."

Lafiaji ni wọ́n gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Lafiaji ìgbà yẹn, atẹ́gùn ọ̀sà máa ń wọlé nírọ̀lẹ́, wàá sì gbọ́ ohùn àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń kíra wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbé àga méjì sí pálọ̀. Ẹni tó bá jókòó sí ti ẹ̀bá fèrèsé, òun ló ní ọ̀rọ̀ sọ; ẹnì kejì á gbọ́ ọ. Alhaji máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Àga àwọn dókítà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá náà dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ganiat fi tìmùtìmù sórí àga kejì fún un. Alhaji kọjá lára àga náà, ó lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Sùlè," ó ní, "ọmọ yẹn fẹ́ràn ọsàn."

Ganiat fa àga kejì sún mọ́ ọn, ó sì jókòó.