Ikọ́ Tí Kò-séwu Fi Pamọ́

Káfíńtà kan wà tí gbogbo ará ilé ń pè ní Kò-séwu. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà á, nítorí pé ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ fún un, "kò séwu" ni èsì rẹ̀. Pákó já lù ú lẹ́sẹ̀, kò séwu. Òjò ń jò wọlé láti òrùlé, kò séwu. Nígbà tí wọ́n ní àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn káàkiri ayé, ó yínmú, ó ní kò séwu.

Yàrá mẹ́jọ ni ilé tí ó ń gbé ní, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì wà láàárín. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, ẹ̀rọ omi kan lẹ́yìnkùlé. Bí ẹnìkan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá tó kẹ́yìn lè kí i pé pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí àrùn náà dé ìlú wọn, Bàbá Awakọ̀, àgbà ilé náà, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà, pe gbogbo ayálégbé jọ sẹ́yìnkùlé. Ó ní kí wọ́n dúró jìnnà síra wọn. Ó ti kọ òfin sára páálí kan. Kí oníkálukú lo ìbòmú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ènìyàn kan ṣoṣo máa wà nílé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Kí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní ṣíṣí. Kí oníkálukú ní ife àti garawa tirẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni Bàbá Awakọ̀ fi ìka tẹ̀: bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, tàbí tó ń wúkọ́, kó sọ. Kó jókòó sí yàrá rẹ̀. Àwọn yòókù yóò máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún un.

"A ò ní lé ẹnikẹ́ni," Bàbá ní. "Ṣùgbọ́n kí ẹ má parọ́ fún wa. Irọ́ lè pa wá nínú ilé yìí kí àrùn tó pa wá."

Gbogbo wọn gbà. Kò-séwu náà gbà, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Láti kékeré, kò mọ bí ibùsùn ilé ìwòsàn ti rí. Agbára rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́run ńkọ́? Ó ní Ọlọ́run wà fún àwọn tí ara wọn ò le.

Ní yàrá tó fẹ̀gbẹ́ ti tirẹ̀ ni Ìyá Olùkọ́ ń gbé, opó kan tó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Pákó tín-ín-rín ló pààlà láàárín wọn. Láràárọ̀ ni Kò-séwu máa ń gbọ́ bí ìyá náà ti ń gbàdúrà, tí ó ń dárúkọ ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kan tirẹ̀, á gbé òòlù, á máa lu ohun tí kò yẹ ní lílù, kí ó má baà gbọ́.

"Ẹ yọ mí kúrò nínú àdúrà yín, mà," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "N ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Ọjọ́ tí o bá rí ẹni tí o ṣẹ̀, mo mọ Ẹni tí màá mú ọ lọ bá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Kò-séwu jí, ara rẹ̀ ń jó bí iná, orí ń fọ́ ọ. Ó lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló ń ṣe fún ilé ìtajà tuntun kan, iṣẹ́ tó tóbi jù tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ṣí agolo gọ́ọ̀mù, kò gbóòórùn. Ó gbé pákó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ sún mọ́ imú. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó dúró síbẹ̀, pákó lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó mọ̀ pé àrùn náà ti wọ òun lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ, wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé tí ó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò sì rí i nílẹ̀. Nítorí náà ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìrọ̀rí bo ẹnu, ó sì ń wúkọ́ sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kan ògiri pákó náà pẹ́pẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé ara yá?"

"Ara yá, mà. Eruku pákó ni."

"Ọjọ́ wo ni o kì í fa eruku pákó símú? N ò gbọ́ irú ikọ́ yìí lọ́nà ọ̀fun rẹ rí."

"Eruku ni, mà."

Ìyá fi ẹnu sún mọ́ pákó náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, sọ fún wa. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ọ́. Sọ fún Ọlọ́run náà. Òun tiẹ̀ ti mọ̀."

Kò-séwu tún gbé ìrọ̀rí bo ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì rẹ̀, òtútù mú un débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Omi gbígbóná ló ń wá. Ìyá Olùkọ́ wà nílé ìdáná, nítorí àsìkò tirẹ̀ ni, ó sì ti fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n láti tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó yẹ kí Kò-séwu dúró síta. Kò dúró. Ó wọlé tààrà láì bo ẹnu, ó na ọwọ́ kọjá níwájú ìyá láti gbé kẹ́tù omi, ikọ́ sì gbé e. Ó wúkọ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná náà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè yí sí.

Ìyá yára fa ìbòmú rẹ̀ sókè. Ó wò ó lójú, kò bá a wí. Ó da omi gbígbóná sínú ife tí Kò-séwu mú lọ́wọ́, ó ní, "Lọ sùn."

Láti ọjọ́ náà, fláàsì omi gbígbóná kan ń wà lẹ́nu ọ̀nà Kò-séwu láràárọ̀. Ó ń mu ún. Kò béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn èyí, Ìyá Olùkọ́ yọjú lójú fèrèsé, ó sọ fún gbogbo ilé pé ara òun gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ òun. Nígbà tó tún di ọjọ́ kẹrin, kò lè mí dáadáa mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé lọ́sàn-án, aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde. Kò-séwu ń wò láti ojú ihò ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibà tirẹ̀ ti lọ. Agbára ti ń padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó ti tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé. Láìpẹ́ ẹ̀rù náà di ìbínú. Ta ló gbé àrùn yìí wọlé? Gbogbo ojú yí sí Agbálẹ̀, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń gbé ní yàrá tó súnmọ́ géètì.

"Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti gbé e wá," aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ. "Kí ló tún kù tí a fẹ́ wádìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́," Agbálẹ̀ ní. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń wẹ̀ kí n tó wọlé. Gbogbo yín lẹ ń rí mi. Lánàá ni wọ́n yẹ̀ wá wò níbi iṣẹ́, wọn ò bá nǹkan kan lára mi. Ìwé rẹ̀ nìyí."

Ó na ìwé náà sí wọn. Kò sẹ́ni tó gbà á, nítorí wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn.

Bàbá Awakọ̀ gbìyànjú láti rán wọn létí àdéhùn wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí obìnrin náà kó jáde kí oòrùn tó wọ̀.

"Káfíńtà, ìwọ ò sọ̀rọ̀," aránṣọ ní. "Kí lo rí sí i?"

Gbogbo wọn wò ó. Ó rí ojú Agbálẹ̀ láàárín wọn, ó sì gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

"Kó máa lọ," ó ní.

Ibùsùn obìnrin náà kò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n sì ní kí Kò-séwu lọ tú u, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé ìbòmú, ó mú sípánà, ó wọlé. Agbálẹ̀ ń ká aṣọ sínú àpò. Ọmọbìnrin náà jókòó lórí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Kò-séwu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó tú èkejì.

"Bọ̀dá," ọmọ náà ní jẹ́jẹ́, "ṣé màmá mi ló kó àìsàn ran Màmá Olùkọ́?"

Sípánà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bó o ní ìka.

"N ò mọ̀," ó ní. Irọ́ lórí irọ́.

Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Olùkọ́ ni. Ó fẹ́rẹ̀ má gbé e. Ó jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, ó fi í sétí.

"Ọmọ mi," Ìyá ní. Èémí ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé o ti rí nǹkan jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n máa tó fi ẹ̀rọ sí mi lẹ́nu. N ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ ná. Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ."

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni, mà? Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ó yẹ kí n ti sọ fún Bàbá, mo sì ti bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀." Ó dúró, ó wá èémí. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi ò tó ọ. Jésù ni kí o lọ bá. Kò ṣẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mú un jáde sẹ́yìn odi ìlú, wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú. Ẹ̀bi tìrẹ ló rù, kí ìwọ lè rí ààyè wọlé. Má jẹ́ kí òní kọjá, ọmọ mi."

Fóònù náà dákẹ́.

Kò-séwu gbé orí sókè. Láti ibi tí ó dúró sí, ó rí Agbálẹ̀ lẹ́yìn géètì, tó ń sọ àpò àkọ́kọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọmọ rẹ̀ dì í láṣọ mú. Obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wà níta yẹn. Òun tó jẹ̀bi wà nínú ilé. Wọn ò bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́ ru ẹ̀bi ẹlòmíràn. Jésù ní tirẹ̀ fẹ́, ó sì rù ú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù náà.

"Olúwa Jésù," ó ní, "èmi ni. Kì í ṣe òun. Mo parọ́, mo gbéraga. Mo ti kó bá ẹni tó fẹ́ràn mi, mo sì tún fọwọ́ sí i kí wọ́n lé aláìṣẹ̀ síta. N ò ní ohun tí mo lè fi san án. Ṣàánú mi. Gbà mí."

Nígbà tí ó dìde, ọkàn rẹ̀ kò tún sá mọ́. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán sí àwọn ará ilé.

"Ẹ jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ padà," ó ní. "Èmi ni mo kó àrùn náà ran Ìyá. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ló ti wà lára mi. Mo fi pamọ́ fún yín."

Èébú bẹ̀rẹ̀. Wọn ì bá lù ú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àìsàn tí ó fi pamọ́ ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ wọn. Bàbá Awakọ̀ jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Agbálẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé.

Wọ́n yẹ Kò-séwu wò, àrùn náà ṣì wà lára rẹ̀. Kí wọ́n tó mú un lọ sí ibùdó ìtọ́jú, ó pe ẹni tó gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún un àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sọ òótọ́ fún wọn. Iṣẹ́ náà bọ́. Ní ọjọ́ kẹfà tí ó débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wá sọ fún un pé Ìyá Olùkọ́ ti lọ.

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́: ìdáríjì Ọlọ́run kì í jí òkú tí irọ́ wa bá pa. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún náà, ó mọ̀ pé Ọlọ́run kò ní kọ òun sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí pàápàá.

Nígbà tí ó padà sílé, ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó to ibùsùn Agbálẹ̀ padà. Obìnrin náà dúró síta títí ó fi parí.

"Mo gbọ́ pé Ọlọ́run ti dárí jì yín," ó ní. "Èmi ṣì ń gbìyànjú."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ọkùnrin náà dáhùn. "Màá dúró."

Oṣù mẹ́ta kọjá kí obìnrin náà tó tún kí i káàárọ̀. Ó dúró lóòótọ́.

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ó lè jẹ́ pé àrùn kankan ò sí lára rẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o mọ̀ nípa ara rẹ, tí àwọn tí ẹ jọ ń gbé kò mọ̀. O ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, o sì rò pé ìwọ nìkan ló kàn. Wò yíká ilé rẹ. Ta ló ń jìyà rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́? Ìyàwó rẹ ni, tàbí ọkọ rẹ? Ṣé òṣìṣẹ́ kan ni, tí o jẹ́ kí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí ìwọ ṣe?

Má sọ pé ó di ọ̀la. Kò-séwu ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi lè sọ̀rọ̀, nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ilé dàrú tí ènìyàn rere sì kú. Jésù Kristi ti ru ẹ̀bi rẹ tán. Kò tún ní kí o rù ú, ó ní kí o jẹ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó fi ìwé yìí sílẹ̀, pè é. Sọ fún un pé, "Èmi ni." Lẹ́yìn náà dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún òun náà.