Orin Gẹ̀ẹ́sì Tí Isogai Kọ́ ní Yàrá Keje

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Choshi, ìlú etí òkun kan lápá ìlà oòrùn ayé, kó dé ilé kàráókè tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sanwó kọrin tẹ̀lé ẹ̀rọ, kó béèrè yàrá keje. Àga gígùn pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀. Fóònù ṣì wà lára ògiri. Ibẹ̀ gan-an lohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tó yẹ kí àwọn nǹkan abàmì máa sùn.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Isogai. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti fi ń ka àdírẹ́sì, débi pé kò sí lẹ́tà tó kéré jù lójú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Chihaya, ọmọ náà sì fẹ́ fẹ́ Ewan, ará erékùṣù kan lókè Sìkọ́tíláǹdì. Ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó, nínú ilé Murdo, bàbá ọkọ. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, Murdo kò rẹ́rìn-ín nínú ẹyọ kan. Ṣe ló ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Ẹ̀rù ń ba Isogai gidigidi. Ta ni yóò ṣìkẹ́ ọmọ òun ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀?

“Bàbá, ẹ kọ orin Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó,” ni Chihaya bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. “Ẹyọ kan péré. Kí bàbá Ewan lè rí i pé ẹ gba tiwọn.”

Isogai kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí lẹ́nu àwọn ará Choshi, ìbejì tí wọn kò lè dá mọ̀ ni L àti R, bí s àti ṣ ṣe máa ń dojú rú lẹ́nu ará Ìbàdàn. Ló bá sá tọ Maruo lọ. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Maruo ti lo ọjọ́ mẹ́rin rí ní Hawaii, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti sinmi.

“Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ há bíi tìẹ, orin tó ń rọra lọ ló yẹ ẹ́,” ni Maruo wí. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Kó má lọ sókè jù. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má pọ̀.”

“Èyí tí mo kọ níjọ́sí ńkọ́?”

“Ṣé orin nìyẹn ni? A rò pé inú ló ń run ẹ́.”

Maruo yan orin òjò kan fún un. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá péré ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń tún un wí títí ó fi tán.

Ọjọ́rú ni Isogai máa ń sinmi. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ó gba yàrá keje ní agogo méjì ọ̀sán, ó bu tíì tútù, ó gbé maìkì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lójú ẹ̀rọ. Lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ìbílẹ̀ kéékèèké wà, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rí ohun tí yóò pè. Ó kọ ọ́ parí. Ẹ̀rọ fún un ní máàkì mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ní Ọjọ́rú kejì, ó yan orin kan náà. Ó gbójú sókè. Ó dúró. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ, lẹ́tà kéékèèké mọ́kànlá ló gun orí rẹ̀. Akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ mọ ìgbà tí orúkọ kò bá bá ilé mu.

Ó kọ ohun tó rí lórin. Ahọ́n rẹ̀ kò kọsẹ̀. Yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó gbóòórùn koríko tí òjò pa, àti wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, ohùn kan bá a gbé orin náà dání. Ohùn obìnrin ni. Isogai rọra wo ẹ̀yìn. Àga pupa nìkan ló rí.

Máàkì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Ẹlòmíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ. Isogai náà rò ó. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́wàá, kò sì gba àádọ́rùn-ún máàkì rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ó fi mọ ọ́n lórí.

Ọ̀rọ̀ kan dùn mọ́ ọn jù níbẹ̀: Búrárágù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sábà máa ń wà nínú orin ló wà, Isogai sì gbà pé ìfẹ́ náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyàwó rẹ̀, Sumie, ṣe ń bu miso, ọbẹ̀ àárọ̀ wọn, fún un, ó wò ó lójú.

“Búrárágù.”

“Kí nìyẹn, Bàbá Chihaya?”

“Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìfẹ́ ni.”

Ojú ti Sumie bí ọmọge. Ó fi ẹja kan kún oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Isogai kì í jáde láàárọ̀ kó má sọ ọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó mú Maruo dání lọ sí yàrá keje. Maruo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, Isogai ń kọ ohun tó wà lókè rẹ̀.

“Kí lò ń kọ yẹn?”

“Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni.”

“Níbo?”

“Lókè. Lẹ́tà kéékèèké.”

“Ta ló ń wo ìyẹn?” Maruo gbójú sókè. Lẹ́tà náà ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí. “Òjò ni wọ́n kọ jàre. Òjò! O ti ń darúgbó.”

Ṣùgbọ́n Maruo kò mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní yàrá náà ń rùn bí ilé ẹran.

Ilé oúnjẹ kan létí òkun ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, lọ́sàn-án Sátidé. Murdo jókòó nínú yẹ̀rì onílà tí àwọn ọkùnrin ìlú wọn máa ń wọ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Choshi, kò tíì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Isogai dìde. Ó di ojú, ó kọrin. Nígbà tó dé Búrárágù, ó fà á gùn bó ṣe gbọ́ ọ.

Ó la ojú. Chihaya, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ti fọwọ́ bo ẹnu. Murdo ti dìde, ó ń bọ̀. Isogai sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti parí, òun ti ba ilé ọkọ ọmọ òun jẹ́.

Murdo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, Chihaya sì túmọ̀ rẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ní ta ló kọ́ yín?”

“Maruo ni.”

“Èmi kọ́ o!” ni Maruo kígbe láti ẹ̀yìn.

“Bàbá, èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè erékùṣù wọn ni. Orin tí ìyá wọn máa ń kọ fún màlúù wọn ni, tí wọ́n bá ń fún wàrà. Ìyá náà ló ṣẹ̀dá rẹ̀, wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ó ti pé ogójì ọdún tí ìyá náà ti kú. Wọ́n ní orúkọ màlúù náà gan-an wà níbẹ̀.”

Sumie gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Kí lorúkọ màlúù ọ̀hún?”

Chihaya béèrè. Murdo fọwọ́ lé àyà kó tó dáhùn. “Blárag.”

Sumie yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Chihaya, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù lẹ wá ń pè mí ní gbogbo àárọ̀.”

Murdo ní kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún òun. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì mú. Ó fa Chihaya mọ́ra, ó pè é ní ọmọ mi. Isogai sunkún, kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Murdo ní òun fẹ́ rí yàrá náà. Àwọn bàbá méjèèjì wọlé ní agogo méjì ọ̀sán. Kò sí ògbufọ̀. Isogai yan orin òjò. Òjò ni lẹ́tà ńláńlá wí, òjò náà ni lẹ́tà kéékèèké wí. Kò sí òórùn kankan. Orin náà tán, ojú sì ti Isogai.

Murdo gbé maìkì. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fà á gùn, bí ẹni ń pe nǹkan tó wà ní òdìkejì pápá.

“Blárag.”

Yìnyín dún nínú ife tíì.

Fóònù ara ògiri ké. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àkókò èèyàn tán ni fóònù yẹn máa ń ké. Isogai wo aago rẹ̀. Wọn kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó gbé e.

“Ẹ má bínú, sà,” ni obìnrin tó ń gbàlejò nísàlẹ̀ wí.

“Ṣé àkókò wa ti pé ni?”

“Rárá o. Àwọn tó wà ní yàrá kẹjọ ló ń ṣàròyé. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ bá wọn mú màlúù yín dákẹ́.”

Isogai gbé fóònù kọ́. Ó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Murdo, Gẹ̀ẹ́sì kò wá sí i lẹ́nu. Ìgbà tó yíjú, Murdo ti sún sí ìpẹ̀kun àga pupa náà, ó ń fi àyè sílẹ̀.