Ihò Omi Tó Ń Kùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàrá Ìyá Àgbà

"Ẹ gbọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí tún ń kùn," ni Ìyá Àgbà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń sọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lórúnkún ni, ojú ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó ń ṣe irun ní pálọ̀, rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, oògùn ìrora yẹn ló ń dún létí yín."

Bó ṣe fọ irun oníbàárà kan tán báyìí, omi dúdú ru jáde láti ihò ilẹ̀ balùwẹ̀. Omi ìgbẹ́ ni, ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà ló sì dorí kọ.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí. Oníbàárà sá jáde tòun ti ọṣẹ lórí. Onídìrí ṣí ẹ̀rọ omi, ó fẹ́ fi omi mímọ́ ti ìdọ̀tí náà padà. Ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rù bà á gidigidi nítorí ọgbẹ́ ìyá rẹ̀. Ó fi fóònù pe púlọ́ńbà àdúgbò tó ń tún páìpù omi ṣe, ó ròyìn fún un.

"Ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, Àǹtí. Kẹ́nikẹ́ni má lo omi nínú ilé yẹn. Ẹ gbé Màmá kúrò níbẹ̀, mo ń bọ̀," ni púlọ́ńbà wí.

Àga ni wọ́n fi gbé Ìyá Àgbà jáde. Púlọ́ńbà ṣí ìdérí páìpù lẹ́yìnkùlé, ó ti wáyà gígùn wọ inú rẹ̀, ó sì fa ìdì ńlá kan jáde: ìnujú tútù tí à ń pè ní wáìpù, òróró tó ti dì, àti irun. Irun pupa wà nínú rẹ̀. Onídìrí mọ orí tóun ti tú u lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú tì í.

Omi fà lọ. Kò ju ìka mẹ́ta lọ tó kù kó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Onídìrí jókòó sílẹ̀, ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

"Àìtètè mólè, olè ń mólóko," ni púlọ́ńbà wí. "Páìpù ti ń kìlọ̀ tipẹ́. Òróró gbígbóná tí ẹ fi dín nǹkan, tí ẹ ń dà sí bésíìnì, inú páìpù ló ti ń dì, irun á wá so mọ́ ọn."

"Ẹ má bínú, ìyá mi."

"Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ìdùbúlẹ̀ lèmi fi gbọ́ tèmi," ni Ìyá Àgbà dáhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Onídìrí wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi oògùn apakòkòrò fọ ilẹ̀ léraléra kí ìyá rẹ̀ tó padà wọlé.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi asẹ́ bo ihò balùwẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí òróró tutù, kí ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ kó o dànù mọ́ pàǹtí. Ìnujú àti irun kì í ṣe ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má da sìmẹ́ńtì bo ìdérí páìpù yín, kí oníṣẹ́ lè rí i ṣí. Bí ihò omi bá ń kùn, tàbí tí omi ń lọ́ra láti fà, ẹ pe oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí àgbà ilé bá sì ní òun gbọ́ nǹkan, ẹ dìde lọ wò ó.