Ológbò Tí Mo Purọ́ Mọ́

"Bí ológbò yìí bá tún fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, á kúrò nílé yìí lọ́jọ́ náà gan-an."

Màmá mi ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọn irun ológbò kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Aránṣọ ni wọ́n. Ológbò tí wọ́n ń bá wí jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú wọn. Nítorí àga yẹn la ṣe ń pè é ní Alága. Bí oníbàárà bá dé, òun la máa kọ́kọ́ bẹ̀ kó dìde.

Inú ń bí mi sí ológbò yẹn. Èmi tí mo ti ilé ìwé dé, tí mo gbálẹ̀, tí mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bí ogún, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Alága tó ti ń sùn láti àárọ̀, òun ni ẹ̀gbọ́n Màmá mi fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún mi.

Bọ̀dá Aago là ń pè wọ́n, torí aago ni wọ́n ń tún ṣe nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, ibẹ̀ ni alásè ọkọ̀ náà ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Búdà, amòye ayé àtijọ́ kan láti ìlà-oòrùn. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á dijú, wọ́n á máa fọkàn bá èémí wọn lọ. Àwọn aládùúgbò máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ti lọ.

"Wo Alága," ni wọ́n máa ń wí fún mi. "Bó bá ń lá ara, ara ló ń lá. Bó bá ń ṣọ́ ihò eku, ihò eku ló ń ṣọ́. Ìwọ ń jẹun, o ń wo fóònù, o sì ń ronú ìjà tó o máa bá ọ̀rẹ́ rẹ jà lọ́la. Ta ló wá jẹ oúnjẹ yẹn? Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo."

Ta ló fẹ́ kí wọ́n fi ológbò kọ́ òun lọ́gbọ́n? Ológbò kì í ṣe ìdánwò. Kò sẹ́ni tó ń bú ìyá ẹ̀ lórí fóònù.

Lọ́jọ́rú yẹn, aṣọ agbẹ̀bí kan wà nílẹ̀. Àwọn gan-an ló gbẹ̀bí mi. Wọ́n ń fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ náà ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ dágbére fún àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn. Ojú aṣọ náà ní òdòdó wẹ́wẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ìyókù tó kù níbi tí wọ́n ti rà á nìyẹn, kò sí òmíràn mọ́. Màmá mi ti gé ara rẹ̀ tán, ó ku apá méjèèjì, ni oníbàárà kan bá ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Ìwọ ni kó o gé e," ni wọ́n wí. Wọn ò jẹ́ kí n gé aṣọ oníbàárà rí. "Aṣọ yìí ò gùn tó ohun tá a lè ṣẹ́ po gé pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o gé e. Bó o bá gé ọ̀kan tán, da ojú bébà ìwọ̀n yìí dé kó o tó gé èkejì. Bí o ò bá dà á dé, apá òsì méjì lo máa gé. Fọkàn sí i."

"Mo ti gbọ́, mà."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí fóònù mi dún. Ọmọ kíláàsì wa kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnu-Ò-Dákẹ́ ti kọ ọ́ síbi tí gbogbo kíláàsì ti ń rí i pé yúnífọ́ọ̀mù mi rí bíi pé ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi rán an. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kẹ̀? Orí mi gbóná. Mo fèsì, mo gé aṣọ díẹ̀, mo tún fèsì. Ó bú mi, mo bú u, mo ń wá èyí tó máa dùn ún jù lọ. Bí mo ṣe gé apá kejì, mi ò lè sọ. Ìgbà tí mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì ni mo rí i pé apá òsì ni méjèèjì.

Ẹ wo nǹkan tí mo wá ṣe. Mo mú abẹ́rẹ́ ńlá kan, mo fi ha ọ̀kan nínú apá náà títí ó fi ya. Nígbà tí Màmá mi dé, mo ní, "Alága ni, mà. Mo kàn yíjú báyìí ni, ó ti fi èékánná fà á ya."

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ onídèérí jáde, wọ́n gbé Alága sínú rẹ̀, wọ́n fi okùn so ìdérí rẹ̀. Wọ́n pe bàbá tó ń ta sìmẹ́ǹtì lópin títì, ẹni tó ti ń wá ológbò tó máa pa eku ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ó ní òun á wá gbé e ní aago mẹ́fà.

Alága ké, ó ké, títí ohùn rẹ̀ fi há. Bọ̀dá Aago yọjú, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Màmá mi sì sọ fún wọn. Wọ́n wò mí.

"Aago mélòó ló ya á?"

"Bí aago mẹ́rin, sà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Èyí gan-an ló bí mi nínú jù. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo rí irun Alága lára ṣòkòtò wọn. "Ọ̀dọ̀ yín ló wà ní aago mẹ́rin, àbí? Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ṣé èmi ni mo pa irọ́ náà? Jókòó."

"Mi ò fẹ́ jókòó."

"Mo mọ̀. Inú ń bí ọ. Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹnu-Ò-Dákẹ́. Ẹ̀yin náà. Alága náà, torí kò sí ohun tó kàn án láyé."

"Ṣé o ti dárúkọ gbogbo wọn tán?"

Omi ń bọ́ lójú mi, torí mo mọ ẹni tó kù.

"Ohun tí ẹ̀kọ́ Búdà ń bi mí lójoojúmọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ nísinsìnyí? Wò ó dáadáa, má sá fún un. Lẹ́yìn náà, ṣe èyí tó kàn."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lo wákàtí méjì. Mo lọ bá Màmá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bó bá ṣe aṣọ tó bàjẹ́ nìkan ni, màá wá nǹkan ṣe sí i," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ẹran tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lo rí purọ́ mọ́. Torí o mọ̀ pé kò lè sọ pé òun kọ́." Wọ́n pe onísìmẹ́ǹtì pé kó má wá mọ́, wọ́n sì mú mi lọ sílé agbẹ̀bí. Èmi ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

Agbẹ̀bí gbọ́ mi tán. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, mo rí ojú àpá iná kan tó gba gbogbo apá wọn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

"Torí èyí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ gé e ní alápá gígùn," ni wọ́n wí. "Kò burú. Ẹ gé èyí tó kù ní alápá péńpé." Wọ́n yíjú sí mi. "Lọ́jọ́ tí mo gbẹ̀bí rẹ, okùn ìwọ́ wé mọ́ ọ lọ́rùn. Aboyún méjì míì ń ké pè mí. Ká ní mo wẹ̀yìn ni, o ò bá má dúró níwájú mi báyìí."

Nígbà tá a délé, mo tú apẹ̀rẹ̀. Alága jáde, ó na ara, ó jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ rẹ̀.

"Kò tiẹ̀ bínú sí mi," mo wí fún Bọ̀dá Aago. Ó dùn mí ju kó ha mí lójú lọ.

"Inú apẹ̀rẹ̀ ló ti bínú," ni wọ́n dáhùn. "Ó ti jáde báyìí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ibi tí ọwọ́ yín bá wà, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín wà níbẹ̀. Ìbínú tẹ́ ò bá tẹjú mọ́, ẹlòmíì ló máa jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹ̀bí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nínú aṣọ alápá péńpé, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì bo ojú àpá iná náà. Gbogbo èébú tí mo kọ ránṣẹ́ sí Ẹnu-Ò-Dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ yẹn ni mo ń rántí.